Wáyà ńlá kọjá lórí oko wa, kí ló dé tí abúlé ò ní iná?

Ẹni tó bá ń gbé Kubwa tàbí Nyanya, tó sì ń lọ ìpàdé ọmọ ìlú, á ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí: ìjọba ní òun fẹ́ tan iná dé ìgbèríko, ó ń yá owó, ó ń kọ ìwé ètò, abúlé sì ṣì wà lókùnkùn. Iṣẹ́ ìwé ètò bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń jẹun ní Àbújá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń da ìbéèrè bò mí. Díẹ̀ rèé nínú èyí tó ń tojú sú àwọn èèyàn wa jù.

Àbúrò, mo ní oko iṣu lọ́nà Kwali. Wáyà ńlá gba ibẹ̀ kọjá, a máa kùn hùùù lálẹ́. Àwọn tó ń bá mi roko níbẹ̀, àtùpà ni wọ́n ń tàn. Ṣé kò ṣeé já wáyà kan sílẹ̀ fún wọn ni?

Kò ṣeé já o, ẹ̀gbọ́n. Irú wáyà ńlá bẹ́ẹ̀ lè gbé 330,000 fólítì, bẹ́ẹ̀ gílóòbù ilé yín ò ju 230 lọ. Iná náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ibùdó ńlá, kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 132,000, kó tún wá sí 33,000, nígbà mìíràn 11,000, kó tó kan tìráńsífọ́mà àdúgbò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná: ẹ̀gbẹ́ abúlé ló ń gbà kọjá, ibi tí sitéṣọ̀n bá wà nìkan ló ti ń dúró, owó kékeré kọ́ ni wọ́n sì fi ń kọ́ sitéṣọ̀n.

Wọ́n lè fa wáyà 33,000 láti ìlú tó sún mọ́ yín. Ta ni yóò san owó òpó? Iléeṣẹ́ apínnáká á ka ilé, á rí bí ogójì, gílóòbù méjì méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì ṣírò rẹ̀ pé ohun tí wọ́n máa san títí ọjọ́ alẹ́ ò lè dá owó òpó padà. Wọn ò ní sọ fún yín pé àwọn ò wá. Wọn ò kàn ní wá ni.

Wáyà tiẹ̀ lè dé kí iná má dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn bàsèjẹ́ ba wáyà tó ti Shiroro lọ sí Kàdúná jẹ́, Kánò, Kàdúná, Katsina àti ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá sì wà lókùnkùn fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìlú ńlá lèyí o, a ò tíì dé abúlé.

Kí ni àjọ iná ìgbèríko wá ń ṣe láti ọjọ́ yìí? Ètò, ètò, ètò!

Òfin iná mànàmáná ọdún 2005 ló bí àjọ náà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí REA. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006, ìjọba dá a dúró fún sáà kan ní 2009, ó sì tún padà. Ní 2016 ni ìjọba fọwọ́ sí ìwé ètò tí wọ́n ń lò láti ìgbà náà. Kó tó dìgbà yẹn, bí wọ́n bá ní iná ìgbèríko, òpó àti wáyà ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwé náà wá fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà mìíràn, iṣẹ́ tó wá kù ni kí wọ́n yàn án: abúlé wo ni ká fa wáyà dé, èwo ni ká kọ́ ilé sólà fún kí gbogbo abúlé jọ máa lò ó, ìyẹn mini-grid, èwo ni ká fi sólà ilé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí?

Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Wọ́n á ka òrùlé, wọ́n á wo bí ó ṣe jìnnà sí wáyà tó wà nílẹ̀, bóyá ilé ìwé wà, bóyá ilé ìwòsàn wà, bóyá wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀. Abúlé Haúsá tí ògiri ilé kan fara ti èkejì rọrùn, òpó díẹ̀ á tó o, mini-grid bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo rugá àwọn Fúlàní, tí ilé kan wà níbí, tí èkejì wà lẹ́yìn odò lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá ní kí ẹ ri òpó síbẹ̀, òpó á pọ̀ ju gílóòbù lọ. Sólà orí òrùlé, tí wọ́n á máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ló bá wọn mu.

Lẹ́yìn àwòrán, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ débẹ̀, torí sátẹ́láìtì kì í gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìlọta. Níbi tí mo dúró sí, abúlé tó ní ẹ̀rọ ìlọta mẹ́ta tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀ sàn ju abúlé tó ní ọgọ́rùn-ún ilé tó fẹ́ gílóòbù nìkan lọ. Ọlọ́ta ló máa ná iná ní ọ̀sán tí oòrùn ń mú, owó tirẹ̀ ló sì máa jẹ́ kí ètò náà dúró. Ìyẹn kì í dùn mọ́ olóṣèlú nínú, ẹni tó fẹ́ ka orí èèyàn.

Olóṣèlú tí mo dárúkọ yẹn, òun náà ló ń ba ètò jẹ́ jù lójú tèmi. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ìwé á ti to abúlé lẹ́sẹẹsẹ, bọ́jẹ́ẹ̀tì á jáde, òpó àti tìráńsífọ́mà àdúgbò aṣòfin kan á ti wọ inú rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í pé níbo ni iná máa gbà débẹ̀. Ẹ ti rí irú òpó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, òpó tí kò ní wáyà, tí koríko ti bo ìdí rẹ̀, tí wọ́n ti lẹ pósítà ìbò mọ́.

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi obìnrin ń ránṣọ ní abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Niger tí wọ́n ti ní mini-grid. Iye tó ń ra yúníìtì kan ju ti àwọn olówó Maitama lọ. Ṣé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní iná tí apá tálákà ká?

Kò parọ́ fún yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé yúníìtì àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún, láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225, gbogbo ìlú ló pariwo. Ọ̀pọ̀ mini-grid ló ń tà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Iná Maitama ti inú odò tí wọ́n sé àti ẹ̀rọ gáàsì ńlá wá, àìmọye èèyàn ló jọ ń san owó rẹ̀. Ti abúlé, pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti invẹ́tà ni, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Bí náírà ṣe ja lulẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ wá pín owó yẹn sáàárín igba ilé tó ń lo iná díẹ̀. Oòrùn ń mú iná wá ní ọ̀sán, àwọn tó ni ín wà lóko. Nígbà tí wọ́n bá dé ní ìrọ̀lẹ́, iná inú bátìrì ni wọ́n ń lò, òun ló sì wọ́n jù. Ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ sí i. Nígbà tí ètò iná ìgbèríko tí wọ́n ń pè ní NEP bẹ̀rẹ̀, 350 dọ́là ni wọ́n ń san fún iléeṣẹ́ lórí ilé kọ̀ọ̀kan tó bá ní iná. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, iye náà ì bá tún ga.

Ẹ fi Maitama sílẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ bi í ni pé kí ló ń san tẹ́lẹ̀? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a mọ̀ sí I-pass-my-neighbour kì í sábà mú ju yúníìtì kan àbọ̀ jáde nínú lítà epo kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kúrò ní iye tí kò tó ₦200, nígbà tó fi máa di ìparí 2024 ó ti tó nǹkan bíi ₦1,000, ní abúlé ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yúníìtì jẹnẹrétọ̀ kò lọ sílẹ̀ sí ₦600 nìyẹn, a ò tíì ka ọ́ìlì àti pílọ́ọ̀gì. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mini-grid ti dínwó. Fún ẹni tí kò ní nǹkan kan rí, owó tuntun ni, mi ò ní tan yín.

Ẹ tún bi í nípa áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tó ń jẹ nǹkan bíi 100 wáàtì lè ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lórí yúníìtì kan. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì á jẹ yúníìtì kan náà tán ní wákàtí kan. Mo ti rí télọ̀ tí iná sólà ń wa ẹ̀rọ rẹ̀, tó ń cháàjì fóònù àwọn oníbàárà, àmọ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ó ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ láìdúró de àwa tó ń kọ ìwé.

Ohun kan kù. Òfin mini-grid tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ iná, gbé jáde ní 2016, kí wọ́n tó fi ti 2023 rọ́pò rẹ̀, gbà kí iléeṣẹ́ àti abúlé jọ fẹnu kò lórí iye, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà bá fọwọ́ sí i. Ẹ bi àbúrò yín bóyá wọ́n pe òun sí ìpàdé yẹn, àbí àwọn baálé ilé nìkan ni wọ́n pè.

Owó ta ni?

Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, owó yíyá ni. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 350 mílíọ̀nù dọ́là fún NEP ní 2018, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà náà fi tirẹ̀ kún un. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé tún fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù fún ètò tó tẹ̀lé e, DARES, tí wọ́n ní ó máa kan èèyàn mílíọ̀nù 17.5. Ibi tó dára níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ náà kì í jáde títí iléeṣẹ́ á fi tan iná, tí ẹlòmíràn á sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí NEPA bá wá dé lọ́la, sólà ti di ẹrù ẹgàn nìyẹn?

Rárá. Òfin mini-grid tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún iléeṣẹ́ náà kí wọ́n sì gba nǹkan rẹ̀, tàbí kí wọ́n so méjèèjì pọ̀. Irú èyí tí wọ́n so mọ́ wáyà iléeṣẹ́ apínnáká wà ní Toto, ní ìpínlẹ̀ Nàsáráwá, kò jìnnà sí wa níbí.

Sólà ìjọba kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ wo àwọn iná títì. Kí ló máa mú èyí yàtọ̀?

Ẹni tó ni ín ló mú un yàtọ̀. Iná títì ò ní olówó. Ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ bá kú, kò sẹ́ni tí ebi ń pa. Mini-grid, owó iléeṣẹ́ wà nínú rẹ̀, mítà ni wọ́n fi ń tà á, bí iná bá kú owó ò wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni, eruku ọyẹ́ ń bo pánẹ́ẹ̀lì ní Àríwá, tí wọn ò bá nù ún iná á dínkù, bátìrì sì ní ọjọ́ orí. Ìwé ètò tó bá ń sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, tí kò sọ ẹni tó máa ra bátìrì kejì, mi ò kà á sí ètò.

Ibi tí ètò ò ti ní agbára ni ọ̀rọ̀ ààbò. Àwọn apá ibì kan wà ní Zamfara àti lọ́nà Birnin Gwari tí abúlé yẹ fún iná ní gbogbo ọ̀nà, tó jẹ́ pé ta ni yóò gbé pánẹ́ẹ̀lì gba ojú ọ̀nà yẹn?

Bùọ̀dá, Yàgbà ni wá. Ẹgbẹ́ wa ní Àbújá fẹ́ kọ lẹ́tà sí REA. Kí ni ká kọ sí i?

Ẹ kọ ọ́, àmọ́ kí ẹ kọ irú rẹ̀ sí ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi ní Lọ́kọ́ja pẹ̀lú, torí òfin iná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣàkóso iná tirẹ̀. Ẹ má fi ojú ìwé mẹ́ta ki oríkì ìlú. Iye ilé, bí ó ṣe jìnnà sí wáyà tó súnmọ́ ọn jù, ilẹ̀ tí ẹbí kan ti yọ̀ǹda tí ìwé sì wà lórí rẹ̀ kí ìjà má baà dé lẹ́yìn ọ̀la, orúkọ ìgbìmọ̀ tí obìnrin wà nínú rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ní kí ọmọ kan nílé lọ ka jẹnẹrétọ̀ láti ojúlé dé ojúlé, kó kọ iye lítà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu lọ́sẹ̀, kó má sì fo ẹ̀rọ gàrí àti ti wẹ́dà.