Ojú abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí kì í dunni mọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn alátọ̀gbẹ tó ń fúnra wọn gún ínsúlínì, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì máa ń bí mi nínú: "Ojú kan yìí ni mo máa ń gún, kì í dùn mí mọ́, ara mi ti gbà á."

Ara kò gba nǹkan kan. Ínsúlínì fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ọ̀rá abẹ́ awọ pọ̀ sí i. Bí a bá ń gún ojú kan náà lójoojúmọ́, ọ̀rá ibẹ̀ á di kókó, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora mọ́. Ínsúlínì tó bá bọ́ sínú kókó kì í wọ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ: òní á lọ́ra, ọ̀la á yára.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ló ń ká mi lára jù. Ṣúgà aláìsàn ga, àwọn dókítà fi kún yúníìtì, ìyẹn ìwọ̀n ínsúlínì tó ń gún. Ó tún ga, wọ́n tún fi kún un. Wọ́n á bi í léèrè ẹ̀bà tó jẹ, wọ́n á ní bóyá ó ń fo abẹ́rẹ́. Ta ló ní kó ká aṣọ sókè kí wọ́n fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀? Ojú lè má rí kókó yìí, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹ rọra fi ìka tẹ ibi tí ẹ máa ń gún. Bó bá ki bíi rọ́bà ju ara tó yí i ká lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ikùn, itan, ìdí àti ẹ̀yìn apá ni a ń gún. Kí ojú tòní fi ìbú ìka kan jìnnà sí tàná. Abẹ́rẹ́ tí a ń lò ní àlòtúnlò náà wà lára ohun tó ń bá kókó rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé owó ló ń fà á fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

N kò sọ pé kókó ló wà nídìí gbogbo ṣúgà tó ga. Ooru lè ti ba ínsúlínì jẹ́ nígbà tí kò sí iná, àìsàn mìíràn sì lè gbé ṣúgà sókè. Àmọ́ kí a tó fi kún yúníìtì, ó yẹ kí a ti fọwọ́ tẹ ara wò.

Ẹ má sì kàn kúrò lójú kókó bọ́ sí ojú tuntun pẹ̀lú iye yúníìtì kan náà o. Ibi tí kò ní kókó lè fa gbogbo rẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, kí ṣúgà já wálẹ̀ débi tó léwu: òógùn á bò yín, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ebi á pa yín lójijì, ọkàn á dàrú. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín, torí wọ́n sábà máa ń dín yúníìtì náà kù. Ẹ máa yẹ ṣúgà wò léraléra láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, pàápàá kí ẹ tó sùn, kí ṣúgà tàbí mínírà sì wà nítòsí yín.