Ta ló ni igbó yìí? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ń wakọ̀ lójú títì márosẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò ní ṣàìrí àwọn pátákó aláwọ̀ búráwùn tó ń júwe ọ̀nà ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé tiwa ló ń kọjá lára wọn lọ́dọọdún láìyà síbẹ̀. Àwọn kan rò pé ibi ìṣọdẹ ni, àwọn kan gbà pé owó gọbọi ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ àwọn, àwọn mìíràn ò sì rí ohun tí èèyàn fẹ́ lọ ṣe nínú igbó pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí nìyí.

Ṣé irú ibì kan náà ni pẹ̀lú Yellowstone, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n?

Rárá o. Ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣàkóso Yellowstone, láti ọdún 1872. Ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀: àwọn ló ń tọ́jú ilẹ̀, àwọn ló ń sanwó fáwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà, àwọn náà ló ń ṣòfin. Nítorí náà, káàdì ọlọ́dọọdún tí ẹ rà fún ọgbà ìjọba àpapọ̀ kò wúlò lẹ́nu ọ̀nà ti ìpínlẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ ló sì sábà máa ń sún mọ́ ilé jù, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ta ló wá ni ín? Ṣé ibi tiwa náà ni?

Gbogbo ará ìlú ló ni ín. Ẹ ò ní láti jẹ́ ará ìpínlẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń gba owó tó lé díẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Nígbà kan rí, àwọn onílé àti onílẹ̀ ti mọ ògiri yí etí omi Niagara ká ní ìhà New York, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá kàn fẹ́ yọjú wo omi tó ń já bọ́ látorí àpáta. Ara ìdí tí ìpínlẹ̀ fi gba ilẹ̀ náà nìyẹn, tí wọ́n sì ṣí i fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1885.

Àmọ́ ìbéèrè yẹn ní gbòǹgbò mìíràn, mi ò sì ní fò ó. Ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà kan rí, wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbà yìí. Ní Virginia, wọ́n ṣí ọgbà ọ̀tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní 1950, ti aláwọ̀ funfun sì wà nítòsí rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, méjèèjì ti di ọ̀kan ṣoṣo, Twin Lakes ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó jà kí ẹnubodè yẹn lè ṣí fún gbogbo wa ṣì ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ láyé. Torí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ibi tiwa ni.

Èló ni wọ́n ń gbà?

Ó yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ní Missouri, Ohio àti Pennsylvania, ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Àwọn ará Missouri dìbò gbà pé kí wọ́n máa yọ owó orí kékeré kan lára ọjà, sẹ́ǹtì kan lórí dọ́là mẹ́wàá, kí wọ́n sì pín in láàárín àwọn ọgbà àti ìtọ́jú ilẹ̀ oko. Ní Michigan, ìgbà tí ẹ bá ń tún ìwé ọkọ̀ ṣe ni ẹ máa san án mọ́ ọn. Ẹ wo sítíkà ara nọ́ńbà ọkọ̀ yín: tí lẹ́tà P bá wà níbẹ̀, ẹ ti san ti ọdún yẹn, bóyá ẹ tilẹ̀ ti gbàgbé. Ní Texas, wọn kì í gbowó ìwọlé lórí ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀. Georgia ní tiwọn ń gba owó páàkì lórí ọkọ̀, wọn kì í ka orí, ẹ sì lè yá káàdì ìwọlé náà ní ilé ìkàwé ìjọba bí ẹni yá ìwé. Àgọ́ pípa àti ilé onígi tí wọ́n ń sùn sí, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn níbi gbogbo.

Kí ló dé tí wọn ò fẹ́ kí a gbé igi ìdáná wá láti ilé?

Nítorí kòkòrò ni, ọ̀rọ̀ náà sì lágbára. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó ń dán, emerald ash borer, ti Éṣíà wọ Amẹ́ríkà. Ìtòsí Detroit ni wọ́n ti dá a mọ̀ ní 2002. Ara igi ash ló ń yé sí. Ìdin rẹ̀ á máa jẹ abẹ́ èèpo lọ, títí tó fi máa gé ọ̀nà tí omi àti oúnjẹ ń gbà kọjá nínú igi, igi á sì kú lórí ìdúró. Tí ẹ bá ṣí èèpo irú igi bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí ipa ọ̀nà rẹ̀ tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, tí ìyẹ̀fun igi kún inú rẹ̀. Ihò tó gbà jáde kéré gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tẹ́, èkejì sì tẹ̀ kọrọdọ bíi lẹ́tà D. Àìmọye mílíọ̀nù igi ló ti pa.

Kòkòrò náà kì í sábà fò jìnnà. Èèyàn ló ń fi ọkọ̀ gbé e: bàbá kan á di igi sí búùtù, á wakọ̀ wákàtí mẹ́ta, á dáná sí díẹ̀, á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ẹ ra igi níbi tí ẹ ti máa dáná sí i, kí ẹ sì dáná sí i tán níbẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ò lè rìn jìnnà. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ẹ má fi ti ìrìn jíjìn ṣe. Ní Itasca, Minnesota, odò Mississippi bẹ̀rẹ̀ láti inú adágún kan, omi ò ju orúnkún lọ, ọmọdé sì lè tẹ òkúta kọjá odò tó di alagbalúgbú níwájú. Ní Crater of Diamonds, Arkansas, oko kan tí wọ́n ti tú ilẹ̀ rẹ̀ wà tí ẹ ti lè wá dáyámọ́ǹdì. Ẹni tó bá rí i ló ni ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà ní 1924, ó wọn kárátì 40.23. Owó wà fún ìwọlé sí oko yẹn o.

Tí màmá wá kí yín láti ilé, tí ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́, Michigan àti Minnesota ń yá èèyàn ní àga alágbára tó ń fi ìgbànú rọ́bà rìn lórí iyanrìn àti gbòǹgbò, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ pè wọ́n ṣáájú.

Ẹranko ńkọ́? Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ní Brazos Bend, nítòsí Houston, alligator, tó jẹ́ ẹbí ọ̀nì, máa ń sùn sétí ọ̀nà ní ọ̀sán gangan. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 30, ó kéré tán, sí àárín yín, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, ẹ má jù oúnjẹ sí i. Níbi tí béárì wà, inú ọkọ̀ tàbí àpótí irin ni oúnjẹ ń gbé, kì í ṣe inú àgọ́. Ọṣẹ pẹ̀lú.

Eégbọn ló yẹ kó ká yín lára jù, pàápàá ní àríwá ìlà-oòrùn. Ọmọ eégbọn tó ń kó àrùn Lyme ranni fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju àmì ìdánudúró lọ. Tí ẹ bá délé, ẹ bọ́ aṣọ ọmọ, ẹ wo abẹ́ orúnkún, abíyá, ẹ̀yìn etí, ìbàdí, àti àárín ìlà irun tó bá dirun. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ mú un níbi tó ti kan awọ ara, ẹ fà á sókè gbọnrangandan. Ẹ má fi iná kàn án, ẹ má sì da kẹrosínì sí i. Ó sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ara ju wákàtí 24 lọ kí àrùn náà tó wọlé, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò alẹ́ ọjọ́ yẹn fi ṣe kókó. Ibà tàbí àmì pupa tó ń ràn kiri lẹ́yìn náà, ẹ lọ rí dókítà.

Ṣé a lè ṣe ọjọ́ ìbí níbẹ̀, pẹ̀lú orin?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè háyà abẹ́ ìbòòji. Ẹ béèrè nípa orin àti ọtí kẹ́ ẹ tó sanwó: Pennsylvania kò gba ọtí rárá.

A débẹ̀, wọ́n ní ó ti kún, wọ́n dá wa padà.

Ìyẹn wọ́pọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ẹ̀rùn. Ní Texas, ẹ lè gba àyè ọ̀sán kan sílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú. Àgọ́ pípa ní California, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ti ń jìjàdù rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí àyè, ẹ gbìyànjú ọjọ́ iṣẹ́, tàbí kí ẹ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January, àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń mú èèyàn rìn kiri ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50, òtútù sì máa ń dín èrò kù. Ẹ kó síwẹ́tà dání.