Iṣẹ́ ọnà àfọwọ́ṣe fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi

Iṣẹ́ ọnà àfọwọ́ṣe fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni eré tí ọmọ ọdún 3 sí 5 ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, yálà kí ó mọ nǹkan, kí ó hun nǹkan, kí ó kun nǹkan lọ́dà tàbí kí ó fa ìlà, tí ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí ọmọ ń ṣe lọ́wọ́ ni olùkọ́ ń wò, kì í ṣe ẹwà ohun tí ó ṣe tán. Àwọn àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí bá Àgbádárìgì mu, ìlú etí ọ̀sà ní ìwọ̀ oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí yanrìn àti àgbọn kò ti wọ́n.

Ìtàn

Kí ilé ẹ̀kọ́ tó dé, ọmọ amọ̀kòkò a máa bu amọ̀ díẹ̀ mọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ní ti ilé ẹ̀kọ́, Friedrich Froebel, ará Jámánì, fi mímọ amọ̀, kíká bébà àti híhun bébà kún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kéékèèké tí ó dá sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní 1837. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì, ṣí tirẹ̀ ní Róòmù ní 1907. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ìlú Reggio Emilia, ní Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí í dá sílẹ̀ ní 1963, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Loris Malaguzzi, ya yàrá sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà.

Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843 ni a sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìwé kíkà àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ló gbájú mọ́.

Amọ̀ àti yanrìn

Nínú gbogbo ohun èlò, bóyá ni a lè rí èyí tí ó fara mọ́ ọwọ́ ọmọdé tó amọ̀, nítorí pé ó gba àṣìṣe: ohun tí ó bàjẹ́ ṣe é wó, kí a sì tún un mọ. Olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀ kúrò, tí yóò sì pò ó títí yóò fi rọ̀ múlọ́múlọ́ tí kò sì ní lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Ọmọ ọdún 3 yóò fún un, yóò gbá a, yóò sì yí i bí okùn. Bí a bá ní kí ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín amọ̀ roboto kó lè di ìkòkò, àtàǹpàkò náà sábà máa ń yọ sí òdìkejì; ọmọ a gbé e sójú, a yọjú wo ẹnìkejì rẹ̀ láti inú ihò náà, ìkòkò sì ti di òrùka. Kò yẹ kí olùkọ́ bá a tún un ṣe. Ọmọ ọdún 5 lè ká okùn amọ̀ léra wọn, kí ó sì lẹ etí mọ́ ọn, bí a bá ti kọ́ ọ láti ha ojú ibi méjèèjì ṣákiṣàki kí ó sì fi omi amọ̀ pa á. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, etí náà yóò já nígbà tí ó bá gbẹ.

Abẹ́ ìbòòji ni a ń sá a sí fún ọjọ́ mélòó kan, torí pé oòrùn a máa tètè gbẹ ibi tó fẹ́lẹ́, yóò sì sán. Amọ̀ tí iná rẹ̀ kò tó nǹkan bí 600 °C ṣì lè padà di ẹrẹ̀. Bí a bá sọ ìkòkò tó ti gbẹ ṣùgbọ́n tí a kò sun sínú abọ́ omi, tí àwọn ọmọ sì jókòó yí i ká, wọn yóò rí i bí yóò ṣe máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí yóò sì wó lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Amọ̀ tún wúlò fún ìṣirò. Bí a bá mọ roboto méjì tí ó dọ́gba, tí a sì tẹ ọ̀kan pẹrẹsẹ lójú ọmọ ọdún 4, ọ̀pọ̀ wọn yóò ní ọ̀kan ti pọ̀ ju èkejì lọ. Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, ló sọ èyí di ìdánwò olókìkí, ó sì gbà pé ó di nǹkan bí ọdún 7 kí ọmọ tó mọ̀ pé iye amọ̀ kò yí padà. Àwọn onímọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ti fi hàn pé bí a ṣe béèrè ìbéèrè náà lè yí èsì padà.

Yanrìn gbígbẹ kì í dì. Omi díẹ̀ ló ń so ó pọ̀, omi púpọ̀ a sì tún tú u ká, àdánwò tí ọmọ lè fi igbá àgbọn ṣe fúnra rẹ̀: kí ó kún un, kí ó dojú rẹ̀ dé, kí ó wo ilé tó dìde tàbí èyí tó wó. Níbi tí kò bá sí amọ̀, ife ìyẹ̀fun 2, ife iyọ̀ 1 àti omi tí kò pé ife 1 lè rọ́pò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí kan kò fẹ́ kí a fi oúnjẹ ṣeré, wọn kò sì jẹ̀bi.

Imọ̀ àgbọn

A ń yọ igi àárín ewé rẹ̀, èyí tí a fi ń ṣe ìgbálẹ̀, kúrò, a sì ń fi ìyókù hun aago ọwọ́ tàbí bọ́ọ̀lù kékeré. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ ni ọmọ ń tẹ̀ lé. Àwọn ọmọ ọdún 5 ló sábà máa ń lè ṣe é láìsí ìrànlọ́wọ́. Nítorí pé a ń lo màrìwò, èyí tí í ṣe imọ̀ ọ̀pẹ, nínú ìbọ, imọ̀ àgbọn ni kì í sábà fa àríyànjiyàn pẹ̀lú òbí.

Àwọ̀ àti àwòrán

Ògì tí a sè tí ó sì ti tutù gba àwọ̀ dáadáa, ọmọ sì lè fi ìka tọ́ ọ kiri orí bébà. Osùn, èédú, ata ilẹ̀ pupa àti omi sobo ń pèsè àwọ̀. Bí olùkọ́ bá fi káún díẹ̀ sí omi sobo, pípupa rẹ̀ a yí sí àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé. Ọmọ tí ó bá pe aró ní dúdú kò ṣìnà, torí pé pupa, funfun àti dúdú ni Yorùbá fi ń pín àwọ̀ láti ilẹ̀ wá.

Ní ti àwòrán, Viktor Lowenfeld, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, pín in sí ìpele: ìlà jágajàga láti ọdún 2 sí 4, lẹ́yìn náà ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti orí yọ.

Ewu

Ohunkóhun tí ó bá lè wọ inú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.17 cm lè há ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3 lọ́fun, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lára wọn. Ọ̀dà ilé lè ní òjé nínú, nítorí náà kò yẹ kí ó wọ kíláàsì. Èso ojú ológbò, pupa tó lójú dúdú, dára lójú púpọ̀ fún ṣíṣe ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n májèlé ni bí a bá jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bákan náà ni èso làpálàpá, tí a máa ń gbìn sí ọgbà yí ilé ká.