Ọmọ pa iléèwé jẹ ní England: èló ni owó ìtanràn, ta ló sì máa san án?

Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni ìlànà tuntun lórí wíwá sí iléèwé bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo England, tí owó ìtanràn fi kúrò ní £60 tó di £80. Bí ìròyìn náà ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu láàárín àwọn òbí Yorùbá níbẹ̀, ó ń yí padà. Àwọn kan ní ọjọ́ kan ṣoṣo ti tó láti gba ìwé owó ìtanràn lọ́wọ́ kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀wọ̀n ló kàn. Àwọn mìíràn sì gbà pé kò kan ẹni tó lọ sin òkú ní Nàìjíríà. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ mélòó lọ́mọ máa pa jẹ kí ọ̀rọ̀ owó tó wọ̀ ọ́?

Ìdajì ọjọ́ ni iléèwé ń kà: àárọ̀ lọ́tọ̀, ọ̀sán lọ́tọ̀. Bí ọmọ bá ti pa ìdajì ọjọ́ 10 jẹ láìgbàṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀ iléèwé 10, iléèwé gbọ́dọ̀ jókòó wò ó bóyá ó yẹ kí ìwé owó ìtanràn jáde. Ọjọ́ 5 nìyẹn. Kò pọn dandan kí ọjọ́ náà tẹ̀ léra, ìsinmi sì kì í pa ìṣirò rẹ́. Ẹni tó mú ọmọ jáde ní ọjọ́ 3 tó kẹ́yìn nínú oṣù keje, tí kò sì dá a padà títí ọjọ́ 2 fi lọ nínú sáà tuntun ní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 5 rẹ̀ ti pé.

Èyí tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni ti pípẹ́ dé. Iléèwé kò gbọdọ̀ ṣí rẹ́jísítà sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Ọmọ tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á dé, tí kò sí ìdí gidi, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò wá ní àárọ̀ náà láìgbàṣẹ, bó tilẹ̀ jókòó sí kíláàsì di ìrọ̀lẹ́. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ 10 tó láti mú ìwé jáde. Ìyá tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, tí bọ́ọ̀sì ń dá dúró lójoojúmọ́, kó tètè sọ fún iléèwé. Wọ́n lè bá a wá ọ̀nà, irú bíi kílọ́ọ̀bù oúnjẹ àárọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun á máa mú ọmọ lọ ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin kí ó má bàa pé márùn-ún. Kánsù láṣẹ láti fi ìwé ránṣẹ́ kí iye náà tó pé, bó bá hàn pé ńṣe lòbí ń sá fún un.

Èló gan-an ni?

£80 bí ẹ bá san láàárín ọjọ́ 21. Lẹ́yìn ìyẹn ó di £160, ọjọ́ 28 sì ni òpin. Orí òbí kọ̀ọ̀kan àti ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á lé. Bàbá àti ìyá tó mú ọmọ 3 lọ sí Lagos fún ọ̀sẹ̀ kan láìgbàṣẹ lè gba ìwé 6: £480. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ọjọ́ 21 kọjá, £960 ni.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 3, òbí kan náà, ọmọ kan náà, £160 ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀dínwó. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í ní ìwé owó mọ́. Kánsù á lo ọ̀nà mìíràn, ilé ẹjọ́ sì wà lára rẹ̀. Níbẹ̀, owó náà lè tó £2,500 fún òbí tó mọ̀ pé ọmọ kò lọ tí kò sì ní ìdí gidi, òfin sì fàyè gba ẹ̀wọ̀n títí dé oṣù 3. Ẹ̀wọ̀n wà nínú òfin lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èmi kọ́ ni mo bí ọmọ náà, ọ̀dọ̀ mi ló kàn ń gbé. Ṣé ó kàn mí?

Ó lè kàn yín. Lójú òfin ẹ̀kọ́ England, ẹni tí ọmọ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní òbí. Àǹtí tàbí bùrọ̀dá tó ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gba ìwé náà lórúkọ ara rẹ̀.

Ṣé iléèwé ló ń jẹ owó yìí?

Rárá. Kánsù ló ń gbà á.

Ọmọ mi ń ṣàìsàn ńkọ́?

Àìsàn kì í mú owó ìtanràn wá, bí ẹ bá ti sọ. Ẹ pe iléèwé láàárọ̀ kí aago tí wọ́n dá tó kọjá, kí ẹ sì sọ ohun tó ń ṣe ọmọ gan-an, nítorí "ara rẹ̀ kò yá" nìkan lè mú kí wọ́n tún máa béèrè. Ọmọ tó ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru gbọ́dọ̀ wà nílé títí wákàtí 48 á fi pé lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná kó dúró títí yóò fi rọlẹ̀. Ikọ́ díẹ̀ tàbí kàtá láìsí ibà, tàbí iná orí, kò ní kí ọmọ má lọ.

Iléèwé kì í sábà béèrè ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ń ṣiyèméjì, káàdì ọjọ́ tí dókítà fún yín tàbí ìwé oògùn ti tó.

Òkú ńlá ni a fẹ́ lọ sin nílé. Ṣé wọn ò ní yọ̀ǹda ọmọ?

Ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé, òun nìkan ló sì lè sọ iye ọjọ́. Ọ̀ràn tó ṣàrà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún. Òkú òbí tàbí òbí àgbà sábà máa ń ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìgbéyàwó ìbátan tó jìnnà, ọjọ́ ìbí, tàbí pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wọ́n bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, kò sí èyí tí wọ́n máa kà sí.

Kí òbí tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ̀wé *kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì*, nítorí ọ̀gá iléèwé kò lè fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí ẹ ti lọ tẹ́ ẹ ti dé. Kó sọ ẹni tó kú àti bó ṣe jẹ́ sí ọmọ, ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ tí ẹ máa lọ àti ọjọ́ tí ọmọ máa padà jókòó sí kíláàsì. Kó fi ìwé ìpè tàbí ìkéde òkú tì í. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni pé wọ́n fún òbí ní ọjọ́ 5, ó lo ọ̀sẹ̀ 3. Gbogbo ọjọ́ tó lé di àìgbàṣẹ.

Ìsìnkú tiwa kì í sábà jẹ́ lọ́jọ́ tí èèyàn kú. Bí òkú bá wà ní mọ́ṣúárì, tí ẹbí ń jókòó láti mú ọjọ́, kí ẹni tó wà ní England tètè ka ọ̀sẹ̀ ìsinmi àárín sáà àti ti Àjíǹde fún wọn. Kò sí ohun tó ń gba òbí lọ́wọ́ owó ìtanràn tó ìyẹn. Mùsùlùmí tó ń sin òkú kíákíá kò ní irú ààyè yìí, nítorí náà kó fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n tó gbéra.

Ọdún Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀?

Ọjọ́ tí ẹ̀sìn yà sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ní àṣẹ. Ọjọ́ tí ẹ lò láti rìnrìn àjò lọ bá ẹbí kò sí nínú rẹ̀.

A gbọ́ pé bàbá kan borí kánsù ní kóòtù.

Ó borí lóòótọ́, wọ́n sì yí i dà. Bàbá náà, ará Isle of Wight, mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Florida ní ọdún 2015. Ó ní ọmọ ń wá ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ilé ẹjọ́ gíga sì gbè é ní 2016. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìlànà iléèwé ni òbí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, bó ti wù kí ọmọ máa wá tó. Ìròyìn ọdún 2016 yẹn ṣì ń kiri.

Ìwé ti dé. Kí ni ká ṣe?

Òfin kò fún yín láyè láti pẹjọ́ ìwé owó ìtanràn. Ẹ wo orúkọ àti ọjọ́ inú rẹ̀, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ rẹ́jísítà lọ́wọ́ iléèwé. Bí wọ́n bá kọ ọjọ́ àìsàn sí àìgbàṣẹ, ẹ kọ̀wé sí iléèwé àti kánsù kíákíá pẹ̀lú ẹ̀rí. Kánsù lè fagi lé ìwé tó ní àṣìṣe. Ẹ má fi sínú dúrọ́ọ̀. Bí ọjọ́ 28 bá kọjá láìsí owó, ẹjọ́ ló kù, lórí pípa iléèwé jẹ gan-an.

Ṣé ó kan Wales àti Scotland?

Wales ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Scotland kò ní irú ìwé owó yìí.

Ṣé wọ́n lè yọ orúkọ ọmọ kúrò?

Wọ́n lè yọ ọ́, èyí ló sì yẹ kí òbí bẹ̀rù ju £80 lọ. Bí ìyọ̀ǹda bá parí tí ọmọ kò padà láàárín ọjọ́ iléèwé 10, tàbí tó pa ọjọ́ iléèwé 20 tó tẹ̀ léra jẹ láìgbàṣẹ, tí iléèwé àti kánsù wá a tì, orúkọ lè kúrò, ọmọ mìíràn a sì gba àyè rẹ̀. Kánsù lè tún kà á sí ọmọ tó sọnù lẹ́nu ẹ̀kọ́, kí òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé sì dé ẹnu ọ̀nà yín. Bí ọmọ yóò bá pẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ kọ̀wé ṣáájú: ọjọ́ tó ń lọ, àdírẹ́ẹ̀sì ibi tó máa gbé, àti orúkọ iléèwé tó máa lọ níbẹ̀.

Ọmọ mi ló kọ̀, ó ń bẹ̀rù iléèwé.

Ẹ sọ fún wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo iléèwé gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá kan tó ń bójú tó wíwá ọmọ, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìlànà tí iléèwé tẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ló yẹ kó ṣáájú owó ìtanràn, àkọsílẹ̀ yín sì ni ẹ máa fi béèrè rẹ̀. Ẹ má dúró títí ọmọ á fi pàdánù ìdá 10, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ 19 nínú ọjọ́ 190 tó wà nínú ọdún ẹ̀kọ́.