Ilé tó jóná lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n ṣì ń pè ní ilé àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Nara àti Kyoto

Ẹni tó bá ń múra àtifi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Nara àti Kyoto, àwọn ìlú tẹ́ḿpìlì tó lókìkí ní Japan, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa kọ́kọ́ rú u lójú. Wọ́n á ní tẹ́ḿpìlì kan ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Kò ní pẹ́, yóò tún gbọ́ pé ọdún 1709 ni wọ́n kọ́ ilé náà parí. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tí èyí bá yé, ìyókù ìrìn náà á dùn mọ́ ọn.

Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa nípa ọjọ́ orí Todai-ji, tẹ́ḿpìlì Nara yẹn, ni?

Rárá o. Lẹ́yìn tí àrùn ìgbóná ti pa èèyàn rẹpẹtẹ ní Japan láàárín 735 sí 737, Ọba Shomu pàṣẹ ní 743 pé kí wọ́n fi idẹ rọ ère Búdà ńlá kan. Ibòmíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbé e wá sí Nara, olú-ìlú. Ní 752 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ líla ojú ère náà. Bodhisena, mọ́ńkì kan láti Íńdíà, ló fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹyinjú rẹ̀. Wọ́n so okùn gígùn mọ́ búrọ́ọ̀ṣì yẹn, àwọn èèyàn sì di okùn náà mú, kí ọwọ́ tiwọn náà lè wà nínú iṣẹ́ ọ̀hún.

Ogun jó ilé tó bo ère yìí ní 1180, wọ́n tún un kọ́. Ogun tún jó o ní 1567. Àtíbàbà tí wọ́n ṣe bò ó lẹ́yìn ìyẹn, ìjì gbé e lọ ní 1610, ni Búdà bá jókòó síta gbangba, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Kokei ló rìn láti ìlú dé ìlú, tó ń tọrọ owó ilé. Ó kú kó tó fojú rí ilé náà, èyí tó parí ní 1709 tó sì wà níbẹ̀ dòní. Mítà 57 ni fífẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti àkọ́kọ́. Ère náà ga tó mítà 15. Orí rẹ̀ tí ẹ ó rí kì í ṣe orí ti 752, àmọ́ nínú àwọn ewé òdòdó òṣíbàtà tó jókòó lé, ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó máa ń dùn mí ni bí àwọn èèyàn ṣe ń sáré kọjá ní Nandaimon, géètì ńlá apá gúúsù, kí wọ́n lè tètè dé ọ̀dọ̀ Búdà. Ọdún 1199 ni wọ́n kọ́ géètì yẹn! Ó fi ohun tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún jẹ́ ẹ̀gbọ́n ilé tí wọ́n ń sáré lọ wò. Ẹ dúró níbẹ̀. Ère onígi méjì ló ń ṣọ́ ọ, wọ́n ga ju mítà mẹ́jọ lọ. Unkei àti Kaikei pẹ̀lú àwọn ọmọọṣẹ́ wọn ló gbẹ́ wọn ní 1203. Ọ̀kan lanu, èkejì panu dé. Ẹni tó lanu ń pe ìró ohùn àkọ́kọ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì Sanskrit, ẹni tó panu dé ń pe èyí tó gbẹ̀yìn.

Kí wá ni wọ́n ń pè ní "àtijọ́" níbẹ̀?

Igi ni wọ́n fi ń kọ́lé, iná sì ń jó igi, ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń fà lé ọmọ lọ́wọ́ ni ọnà ilé náà, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, àti ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀. Ojúbọ tó wà ní ìlú Ise ló fi èyí hàn jù. Láti 690 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní tuntun ní ogún ọdún ogún ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun ti dá a dúró rí. Èyí tó kẹ́yìn wáyé ní 2013, 2033 ló kàn. Ẹni tó jẹ́ ọmọọṣẹ́ káfíńtà nígbà kan lè ti di ọ̀gá nígbà tó bá tún yí po.

Ní Kyoto, Kinkaku-ji, ilé aláwọ̀ wúrà tó wà létí adágún omi, mọ́ńkì ọ̀dọ́ kan ló dáná sun ún ní 1950. Wọ́n tún un kọ́ ní 1955. Kì í sì í ṣe gbogbo igi ló jóná: ní Horyu-ji, nítòsí Nara, ni àwọn ilé onígi tó pẹ́ jù láyé wà.

Bí ẹ bá dé tẹ́ḿpìlì èyíkéyìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí òpó. Bí ìdí òpó bá jẹrà, wọn kì í sọ òpó nù. Wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n á gbẹ́ igi tuntun kó wọ inú ti àtijọ́ bí ìka ṣe ń wọ àárín ìka. Ojú ibi tí wọ́n ti pàdé máa ń hàn: òkè ti ṣú, ìsàlẹ̀ ṣì mọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ilé Búdà yàtọ̀ sí ojúbọ Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan?

Ẹ wo ẹnu-ọ̀nà. Òpó méjì tí wọ́n fi igi dábùú lé lórí, torii nìyẹn, ojúbọ àwọn kami, ìyẹn àwọn òrìṣà Shinto, lẹ dé. Níbẹ̀, wọ́n á tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Nílé Búdà, wọn kì í pàtẹ́wọ́, ṣe ni wọ́n ń pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ jẹ́ẹ́.

Àmọ́ ẹ má retí odi láàárín àwọn méjèèjì. Ní 749, wọ́n gbé kami Hachiman wá láti ìlú Usa ní Japan kó wá dáàbò bo iṣẹ́ ère Búdà; ojúbọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Todai-ji. Wọ́n jọ ń gbé bẹ́ẹ̀ títí ìjọba Meiji fi pàṣẹ ní 1868 pé kí wọ́n yà wọ́n. Tẹ́ḿpìlì púpọ̀ bá a lọ. Kofuku-ji ní Nara pàdánù ògiri tó yí i ká, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi bá ara yín nínú ọgbà rẹ̀ láìmọ ìgbà tí ẹ wọlé.

Àwọn àgbọ̀nrín tó ń rìn láàárín ìgboro ńkọ́?

Ìtàn sọ pé orí àgbọ̀nrín funfun ni kami Takemikazuchi gùn wá sí ojúbọ Kasuga, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 768. Látìgbà náà ni wọ́n ti kà wọ́n sí ìránṣẹ́ kami. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, wọn ò sì ní ẹni tó ni wọ́n. Bisikíìtì tiwọn wà tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà. Òun nìkan ni kí ẹ fún wọn. Ẹ gbé e sókè, àgbọ̀nrín á tẹrí ba. Bí ẹ bá ń fi ṣeré pẹ́ jù, á fi orí kàn yín nídìí. Bó bá tán, ẹ la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì hàn án, á yé e.

Máàpù wà lórí fóònù mi. Kí ni mo fẹ́ fi amọ̀nà ṣe?

Ọ̀nà ò ṣòro lóòótọ́. Láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Kintetsu ní Nara dé Todai-ji, ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú ni. Ṣùgbọ́n máàpù ò ní sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí òpó. Amọ̀nà tó jẹ́ tiyín nìkan á dúró níbi tí ẹ bá ti fẹ́ dúró, kò ní gbé àsíá sókè pé ó ti yá. Ẹ kàn mọ̀ pé láti January 2018, òfin ti gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ṣe iṣẹ́ yìí fún owó, torí náà ẹ béèrè bóyá ó ní ìwé-àṣẹ ìjọba. Bí owó ò bá tó, àwọn amọ̀nà olùyọ̀ǹda ara-ẹni wà, akẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin á san owó ọkọ̀ wọn àti owó ìwọlé.

Tẹ́ḿpìlì mélòó ló yẹ kí n dé lóòjọ́?

Mẹ́ta. Ní Kyoto, ẹ dé Kiyomizu-dera ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí èrò tó dé, kí ẹ wá rọra sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀nà Sannenzaka àti Ninenzaka títí dé ojúbọ Yasaka. Bí ẹ bá dé Gion, àdúgbò tó wà nítòsí Yasaka, ẹ má wọ àwọn ọ̀nà tóóró tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí. Ọ̀nà àwọn onílé ni, láti 2024 sì ni wọ́n ti ní kí àlejò má wọ̀ ọ́ mọ́.

Ṣé kí n fún amọ̀nà ní owó lẹ́yìn iṣẹ́?

Yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣàdéhùn, rárá. Kò sí nínú àṣà wọn. Ẹ kúkú fi owó yẹn ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, torí ẹ ó bọ́ bàtà nílé tó pọ̀, àti pé ní oṣù January, pákó ilẹ̀ tẹ́ḿpìlì tutù ju omi àmù lọ.