Èròjà bíńtín inú táǹkì iyùn: kí ni wọ́n ń pè ní trace elements?

Iyùn tí ìyàwó ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, egungun ẹran òkun ni. Ìbátan rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ni àwọn tó ń sin ẹja òkun nínú ilé ń tọ́jú sínú táǹkì gíláàsì, tòun ti edé àti ìgbín òkun. Èèyàn kì í tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí wọn yóò fi ta ìgò kékeré kan fún un, tí wọ́n kọ trace elements sí lára, pé kó máa kán an sómi. Kí ló wà nínú ìgò yẹn?

Omi òkun kì í ṣe omi àti iyọ̀ ọbẹ̀ lásán. Nínú lítà kan, gbogbo ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Iyọ̀ tí a mọ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù. Magnẹ́síọ̀mù wà níbẹ̀, bíi mílígíráàmù 1,300, àti kálísíọ̀mù, bíi 420, tí iyùn fi ń kọ́ egungun rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kọ́ là ń sọ. Àwọn tí kò tó mílígíráàmù kan nínú lítà là ń pè ní trace elements: áyódìn, irin, manganese, zinc, cobalt, títí kan bàbà. Èmi máa ń pè wọ́n ní èròjà bíńtín. Strontium tí wọ́n máa ń kọ sára ìgò náà tó mílígíráàmù 8, kò yẹ kó bá wọn jókòó rárá, ṣùgbọ́n ọjà ni ọjà ń jẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe bíńtín tó? Ẹ jẹ́ ká mú táǹkì lítà 200. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ tó gíráàmù 84. Áyódìn ńkọ́? Mílígíráàmù 0.06 ló wà nínú lítà omi òkun kan, nítorí náà gbogbo èyí tó wà nínú táǹkì yẹn jẹ́ mílígíráàmù 12. Ṣíbí ìrotíì kan tí iyọ̀ kún wọ̀n tó 6,000. Ẹ pín ṣíbí iyọ̀ yẹn sọ́nà 500, kí ẹ mú ìdá kan. Òun nìyẹn.

Síbẹ̀, ara ń wá wọn. Àwa náà mọ̀ ọ́n: àìtó áyódìn ló ń fa gẹ̀gẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ iyọ̀ tí à ń rà lọ́jà. Ní ti iyùn, ewédò tíntìntín kan ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wá oúnjẹ fún un. Ewédò yìí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí irin àti manganese. Èédú asẹ́mi àti ẹ̀rọ skimmer tó ń mú omi hó kó lè kó ìdọ̀tí jáde náà ń bù nínú wọn lọ. Àmọ́ oúnjẹ tí ẹ ń jù sí ẹja ń dá wọn padà lójoojúmọ́, omi iyọ̀ tuntun tí ẹ fi ń pààrọ̀ ti àtijọ́ náà ń dá wọn padà. Táǹkì tí iyùn rẹ̀ kò tíì pọ̀, tí ẹ ń pààrọ̀ lítà 20 nínú 200 rẹ̀ lọ́sẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìgò.

Ìgò ọ̀hún lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ wo omi Lugol, áyódìn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kán. Ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú èyí tó jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbé áyódìn tó mílígíráàmù 6 dání. Ẹ̀kán méjì péré, ẹ ti sọ áyódìn táǹkì lítà 200 di ìlọ́po méjì ti òkun. Bí ohun kan bá sì pọ̀ jù, tí nǹkan míì kò mu ún, pípààrọ̀ lítà 20 lọ́sẹ̀ kò tètè gbé e kúrò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, nǹkan bí ìdajì àpọ̀jù náà ṣì wà níbẹ̀. Bàbà ló burú jù. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo ẹja sàn nínú táǹkì ọ̀tọ̀ á pa edé àti ìgbín.

Ojú kò tó wọn, òdiwọ̀n iyọ̀ kò sì lè fi wọ́n hàn. Challenger, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ṣèwádìí òkun, bu omi káàkiri àwọn òkun ayé láàárín 1872 sí 1876. Onímọ̀ kẹ́míkà William Dittmar yẹ 77 wò nínú wọn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1884: ibi yòówù kí omi ti wá, bí àwọn èròjà ńlá ṣe pọ̀ sí ara wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tí ẹ bá mọ bí omi ṣe níyọ̀ tó, ẹ lè fojú bu kálísíọ̀mù òkun. Àwọn bíńtín ò mọ òfin yẹn. Irin ojú agbami kò rí bíi ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ti etíkun kò sì rí bíi ti àárín.

Ó ku ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ṣe ICP, àyẹ̀wò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ èròjà wọn bó ṣe pọ̀ tó nínú omi. Ẹni tí omi iyọ̀ bá ti ta sínú iná gáàsì rẹ̀ rí, tí iná náà di pupa rúsúrúsú, ti rí bí ICP ṣe ń ṣiṣẹ́: sódíọ̀mù inú iyọ̀ ló tàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń fín omi táǹkì sínú ooru ẹgbẹẹgbẹ̀rún dìgírì, èròjà kọ̀ọ̀kan á tàn ní àwọ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ á sì ka bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Tí ìwé àyẹ̀wò bá wá sọ pé áyódìn ti lọ sílẹ̀, ẹ ra áyódìn nìkan, ẹ fi ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún fi omi ránṣẹ́ lẹ́yìn oṣù kan.