Májèlé Koko: Bí Nàìjíríà Ṣe Dá Àjọ Tó Ń Ṣọ́ Àyíká Sílẹ̀

Títí di ọdún 1988, kò sí àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ní Nàìjíríà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì pé kó máa ṣọ́ omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Òfin wà, ṣùgbọ́n ó fọ́n káàkiri. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó amúnisìn sọ ní ẹsẹ 245 pé ẹni tó bá ba omi odò tàbí kànga jẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin tó ka dída epo sójú omi tí ọkọ̀ ń gbà léèwọ̀ ti wà láti 1968. Láti 1979 sì ni òfin ti wà pé kí àwọn elépo rọ gáàsì padà sínú ilẹ̀ dípò kí wọ́n máa sun ún. Àmọ́ ta ni yóò lọ bu omi lẹ́nu gọ́tà ilé-iṣẹ́ aláṣọ? Ta ni yóò gbé e lọ sí láàbù? Wolé-wolé ń yẹ àmù wò nítorí tanwíjí, ó ń wo ṣáláńgá àti àkìtàn, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá òjé nínú omi kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Koko ló tú àṣírí àlàfo yìí. Ìlú èbúté kékeré ni, lẹ́bàá odò Benin, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tó ti di Ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Láàárín oṣù kẹjọ ọdún 1987 sí oṣù karùn-ún ọdún 1988, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó pàǹtí olóró wá síbẹ̀ láti Ítálì, gbogbo rẹ̀ lé ní 3,800 tọ́ọ̀nù. Oníṣòwò ọmọ Ítálì kan, Gianfranco Raffaelli, ló wà nídìí ètò náà. Àgbàlá ilé ẹnì kan ni wọ́n háyà láti kó o sí, owó rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù. Ìwé tí wọ́n fi hàn ní ibodè pè é ní ẹrù tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé. Aṣọ́bodè tó gba ìwé náà kò ní láàbù tí yóò bá a yẹ ohun tó wà nínú dúrọ́mù wò.

PCB wà lára ohun tó wà nínú àwọn dúrọ́mù náà. Kẹ́míkà yìí ni wọ́n máa ń pò mọ́ epo tiransifọ́mà láyé àtijọ́. Kì í tètè jẹrà, ó sì máa ń kó jọ sínú ọ̀rá ẹja àti ènìyàn. Àwọn dúrọ́mù ń wú nínú oòrùn, òmíràn ń jò. Àwọn ará ìlú kan da ohun tó wà nínú tiwọn nù kí wọ́n lè rí i fi tọ́jú omi. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn nílé, nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1988 ariwo ta. Ìjọba ológun Babangida pe aṣojú rẹ̀ ní Ítálì padà sílé, ó dá ọkọ̀ Ítálì kan dúró, ó sì fi dandan lé e pé ẹni tó gbé e wá ni yóò gbé e lọ. Ọkọ̀ méjì, Karin B àti Deep Sea Carrier, ló kó o padà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kó dúrọ́mù sínú ọkọ̀ fara gbá a, kẹ́míkà jó ẹlòmíràn lára. Karin B kiri èbúté Yúróòpù, orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan kọ̀ ọ́, kó tó di pé Ítálì gbà á sílé. Àdéhùn àgbáyé ti Basel ọdún 1989, lórí kíkó pàǹtí olóró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àti àdéhùn Bamako tí àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe ní 1991, tó ka kíkó irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ Áfíríkà léèwọ̀, kò ṣẹ̀yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí.

Òfin méjì jáde kí ọdún náà tó parí. Òfin ológun nọ́ńbà 42, ti oṣù kọkànlá, sọ kíkó pàǹtí olóró wọlé di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n gbére, ìjọba sì lè gba ọkọ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá, nọ́ńbà 58 dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé májèlé Koko ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ òfin FEPA kò dúró sí ibodè nìkan. Wọ́n fún un lágbára láti wọ ilé-iṣẹ́ inú ilé, kó bu omi, kó yẹ ìwé wò, kó mú ọ̀daràn. Wọ́n bu ìtanràn tó lè tó ₦500,000 fún ilé-iṣẹ́ tó bá tú ohun olóró jáde, pẹ̀lú ₦1,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi ń bá a lọ. Lórí epo rọ̀bì nìkan ni ọwọ́ òfin náà ti rọ̀: ó ní kí FEPA fọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí epo.

Oṣù kọkànlá ọdún 1989 ni ìlànà orílẹ̀-èdè lórí àyíká jáde, ṣùgbọ́n òfin kékeré ti 1991 ló sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà. Omi tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dà sínú odò, pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe tó, gbọ́dọ̀ wà láàárín 6 sí 9. Gbígbóná rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 40°C láàárín mítà 15 sí ẹnu páìpù. Nínú lítà kan, ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 30 lọ, epo àti ọ̀rá kò gbọdọ̀ ju 10, òjé kò gbọdọ̀ pé 1. BOD, ìyẹn ọ́síjìn tí kòkòrò àìfojúrí ń lò bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ̀gbin inú omi, kò gbọdọ̀ ju 50. Ọjọ́ márùn-ún ni ìgò fi ń wà nínú òkùnkùn ní 20°C kí wọ́n tó ka èyí. Bó bá ti ga jù, ọ́síjìn odò á tán, ẹja á máa yọ ẹnu sókè omi, á sì kú, bí kò tilẹ̀ sí májèlé kankan níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́ ni bí wọ́n ṣe bu omi náà. Bí ìgò kò bá sí nínú yìnyín, ní nǹkan bí 4°C, kòkòrò á ti jẹ ẹ̀gbin náà kó tó dé láàbù, BOD á wá dà bíi pé ó kéré. Ìgò tí wọn yóò fi wá òjé nílò ásíìdì nítíríìkì títí pH rẹ̀ yóò fi lọ sílẹ̀ ju 2 lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjé á lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ilé-iṣẹ́ tó ń da omi nù lóru, ẹni tó bá bu omi níbẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ yóò bá omi tó mọ́ lóló. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bu díẹ̀ díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún odindi ọjọ́ kan, tí a ó sì pò ó pọ̀. Àwọn kan a máa ṣí ẹ̀rọ omi mímọ́ sínú gọ́tà kí nọ́ńbà lè wálẹ̀. Ẹni tó bá wọn bí omi ṣe ń ṣàn tó pọ̀ mọ́ ọn yóò rí i pé òjé tó wọ odò kò dín rárá.

Ní 1992, òfin ológun nọ́ńbà 86 mú iṣẹ́ náà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀: kí wọ́n yẹ ipa iṣẹ́ ńlá lórí àyíká wò kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Olùdáwọ́lé yóò forúkọ sílẹ̀, ìjọba yóò sọ ìpele tí iṣẹ́ náà wà, wọn yóò kó ìwọ̀n omi àti afẹ́fẹ́ jọ nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn yóò pàtẹ ìwé náà fún ará ìlú fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e kí ìwé ẹ̀rí tó jáde. Ó dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé gàgàrà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí wọ́n gbé sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, báwo ni àgbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gba oko rẹ̀ yóò ṣe kà á?

Ní 1999 ìjọba alágbádá dá iléeṣẹ́ ìjọba fún àyíká sílẹ̀, ó sì da FEPA pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí òfin tuntun tó gbé agbára ìfipámúni lé iléeṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ọdún mẹ́jọ ni àlàfo yẹn fi wà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NOSDRA dé ní 2006 fún epo tó bá dà sílẹ̀: ẹni tí epo rẹ̀ dà gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ọ́ láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn ₦500,000 ni fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àjọ NESREA tẹ̀ lé e ní 2007 fún ìyókù ọ̀rọ̀ àyíká, òfin rẹ̀ sì yọ epo àti gáàsì kúrò lábẹ́ rẹ̀ pátápátá. Àṣìṣe ńlá lèyí lójú tèmi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ ojú omi tàbí hẹlikópítà ilé-iṣẹ́ tó da epo sílẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ NOSDRA ń wọ̀ lọ yẹ ibẹ̀ wò, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i bóyá páìpù ló jẹrà tàbí olè ló bẹ́ ẹ. Ìdáhùn yẹn ló ń pinnu bóyá ará abúlé yóò rí owó gbà-má-bínú gbà.

Nítorí náà, ẹni tí odò rẹ̀ bá yí padà lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ẹ̀gbin náà gbà wá. Epo rọ̀bì, NOSDRA ni. Aró, òjé tàbí omi ilé-iṣẹ́, NESREA ni, àti àjọ ìpínlẹ̀, bíi LASEPA ní Èkó tàbí OGEPA ní Ògùn. Kí ó kọ ọjọ́, aago àti ibi tí páìpù wà sínú ìwé, kó ya fọ́tò, kó sì fi ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n bá tẹ òǹtẹ̀ gbígbà lé pamọ́.